Ìbòjú Awọ Tí Bàbá Àgbà Rán fún Ajá Ọdẹ

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé tí ń ru omi láti Bẹẹrẹ wá sí ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, ajá kan wà ní àgbàlá wa tí àwọn àgbà fẹ́ kó kú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń gbé ajá sínú mọ́tò, tí ẹ ń ra oúnjẹ inú páálí fún un, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ajá yìí kò kúrò lọ́kàn mi rí, pàápàá láti èṣí.

Ọdẹ kan ló ni ín. Ilé ọdẹ náà àti ilé tiwa kọjú síra, àgbàlá kan náà la jọ ń lò. Mùsùlùmí ni wá nílé tiwa. Iṣẹ́ awọ ni bàbá àgbà mi ń ṣe: gàárì àti ìjánu ẹṣin àwọn ìjòyè, tìmùtìmù, àkọ̀ idà, àti awọ tí wọ́n fi ń bo tírà. Ọdẹ kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹran tó pa tí awọ rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà. Tanímọ̀la ló sọ ajá rẹ̀. Ajá jẹ́jẹ́ ni nígbà náà. Àwa ọmọdé a máa fà á létí, a máa gùn ún lẹ́yìn, kò ní ṣe ju kó mí kanlẹ̀ lọ.

Àìsàn ló pa ọdẹ náà, kì í ṣe ìgbẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sin ín bí wọ́n ti ń sin ọdẹ, wọ́n na ìbọn sókè létí sàréè, wọ́n yìn ín léraléra. Ẹ óò ní ajá ọdẹ ti gbọ́ ìbọn rí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìbọn ọ̀gá rẹ̀ ló mọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìbọn àjèjì ló yí i ká, ọ̀gá rẹ̀ kò sì dìde.

Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá gùn lọ́wọ́ ènìyàn ti di ìbọn lójú rẹ̀. Ìbáà ṣe ọmọ odó, ìbáà ṣe agboòrùn tàbí ọ̀pá àgbàlagbà. Bó bá ti rí i, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á gbó, á sáré kọlu ògiri, á da ìkòkò nù. Wọ́n so ó mọ́lẹ̀, ó fà títí okùn fi bó o lọ́rùn. Ìgbà tó wá fa ṣòkòtò ya mọ́ ààfáà kan lára, ààfáà tí kò ṣe ju pé ó ṣí agboòrùn rẹ̀ lọ, ni àwọn àgbà ilé méjèèjì jókòó. Wọ́n ní bí ìrun Jímọ̀ bá parí tí ajá náà bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn á fà á fún àwọn tó ń wá ajá tí wọ́n á fi bọ Ògún.

Ìyàwó ọdẹ náà kò bímọ kankan. Ó wá bá bàbá àgbà lórí ẹní tó ti ń ṣiṣẹ́, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, Baba," ló wí. "Òun nìkan ló kù tó ń bá mi wo ẹnu ọ̀nà."

Bàbá àgbà kì í ṣe ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ dídùn pọ́n ènìyàn. Ó kọ́kọ́ kùn pé wàhálà wo ni wọ́n gbé ka òun níwájú yìí. Nígbà tó ṣe, ó ní ẹṣin ìjòyè kan wà tó máa ń ta gìrì lọ́jọ́ Iléyá bó bá ti rí agboòrùn, àfìgbà tí òun fi awọ bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ni ara rẹ̀ tó balẹ̀.

"Ẹ lọ fi okùn wọn orí rẹ̀ wá," ó ní. "Èmi ò ní fọwọ́ kan ajá."

Ìyàwó ọdẹ náà di ajá mú, èmi ni mo fi okùn yí i lórí, tí mo ta kókó síbi ojú àti síbi etí. Nígbà tí mo kó okùn dé, bàbá àgbà ní kí n fi iyẹ̀pẹ̀ fọ ọwọ́, kí n sì fomi ṣàn án lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí itọ́ ajá.

Ó wá awọ tó rọ̀ jù lọ nílé, kí ó má baà ha ajá lójú. Ó gé e, ó lu ihò sí i, ó fi ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ rán an. Ó dà bíi fìlà tí etí rẹ̀ bò wá sójú, tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ajá á máa rí. Ìyá náà dè é mọ́ ọn lórí. Kàkà kí ara ajá balẹ̀, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí yí bírí. Ó fimú tú gbogbo àgbàlá, ó ń wá nǹkan kiri, ó tú àwọn adìẹ ká.

"Baba, awọ kí lẹ fi ṣe é?" ìyá náà bi í.

"Awọ ẹtu ni."

"Ẹtu kẹ̀? Ẹtu tó ti ń lé látọjọ́ tó ti dáyé lẹ gbé kà á lórí."

Bàbá àgbà wo awọ náà. Àtikékeré ló ti ń fọwọ́ pa awọ ẹtu, kò gbóòórùn ẹtu lára rẹ̀ mọ́. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ìyá náà pẹ̀lú, ó sì pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ni. Nígbà tí ẹ̀rín tán, gbogbo wa rántí pé ọ̀la ni Jímọ̀.

Bàbá àgbà ní òun á fi awọ ewúrẹ́ ṣe òmíràn. Ìyá náà ní ajá á jẹ ẹ́. Ó wọlé lọ, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì gbé àpò ọdẹ ọkọ rẹ̀ jáde, àpò awọ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún kúrò lára ògiri látìgbà tí ọkùnrin náà ti kú. Òógùn àti tábà ti sọ ọ́ di dúdú.

"Ẹ gé e, Baba."

Bàbá àgbà kò mú ọ̀bẹ. "Ìyàwó wa, bí mo bá gé e, kò ní di àpò mọ́."

"Mo mọ̀. Ẹni tó ń gbé e kọ́ ti lọ, Baba. Ajá ṣì wà."

Bàbá àgbà gé e, ó sì rán an títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ìyá náà gbé e sún mọ́ Tanímọ̀la, ajá náà gbóòórùn rẹ̀, ó dúró, ó sì ti orí bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀ bíi ti àtijọ́. Bàbá àgbà mú ọ̀pá rẹ̀, ó kọjá níwájú rẹ̀, ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Ajá kò mira. Okùn ìbòjú náà le díẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Bàbá àgbà na ọwọ́, ó dẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ló ní kí n bu iyẹ̀pẹ̀ wá.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ti kírun tán, ìyá náà fa ajá rẹ̀ kọjá láàárín àwọn àgbà, pẹ̀lú ọ̀pá wọn àti agboòrùn wọn, ó mú un lọ sí Ọjà'ba, ó sì mú un bọ̀. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Ògún mọ́. Ẹnu ọ̀nà ìyá náà ni Tanímọ̀la darúgbó sí.

Àgbàlá yẹn ti di ṣọ́ọ̀bù báyìí. Gbogbo ilé ti mọ odi yí ara rẹ̀ ká, aládùúgbò kò mọ ohun tó ń ba ajá ẹnìkejì lẹ́rù, ká má tilẹ̀ sọ ti ènìyàn. Ọkọ mi kú léṣìí. Àwọn ọmọ mi ṣe dáadáa, wọ́n kó àpò wá láti di ẹrù rẹ̀. Wọ́n ní, "Màmá, bí ẹ bá ń rí i, á máa bà yín nínú jẹ́." Mo jẹ́ kí wọ́n kó o, àfi dàńṣíkí kan tí mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ lára ìṣó. Wọ́n rò pé mo fẹ́ máa wò ó ni. N kì í wò ó. Bí àyà mi bá ti ń já, mo máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, màá fi bo ojú, ara mi á sì balẹ̀.