Etí Gìtá Gbémiga

Bándélé kì í jókòó sójú kan. Á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á dìde. Á ṣí fìríìjì, á tì í, kò mú nǹkan kan. Á wọ bàtà, á rìn yí àdúgbò Abbeydale tó ń gbé ká nínú snow, ìgbà tí etí bá ń ta á ni yóò tó rántí pé òun kò dé fìlà. Lọ́jọ́ mìíràn á wọ train títí dé ibi tó parí sí, á tún wọ̀ ọ́ padà. Bí wọ́n bá bi í pé níbo ló lọ, á ní òun kò lọ ibì kankan. Òótọ́ ló sọ.

Ọmọ Ìkirè ni. Ìwé kò bá a lára mu. JSS3 ló ti fi í sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Iṣẹ́ yẹn náà ló gbé e dé Calgary ní Canada. Gbémiga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ṣáájú dé, òun ló bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣe ìwé iṣẹ́ fún un lọ́dún 2013. Yáàdì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jó páìpù epo pọ̀. Iṣẹ́ pọ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá ní ó ti rẹ òun, wọ́n á ní kó lọ sùn díẹ̀ kó tún padà wá.

Àfi bí owó epo ṣe já wálẹ̀ lójijì bí ẹni já lórí ọ̀pẹ. Ilé oúnjẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ lọ́sàn-án, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lójú pé ó wà fún rẹ́ǹtì. Oṣù kẹjọ 2015 ni wọ́n fún Gbémiga ní lay off. Oṣù kẹwàá, ó kan Bándélé. Ọ̀gá wọn sunkún, ó sì lé wọn.

Gbémiga kò káwọ́ gbera. Ó gba iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà, ó ń kó ẹrù lọ sí ìlú Red Deer. Ọjọ́ kan nínú oṣù January, ọkọ̀ yọ̀ lórí yìnyín. Ó tán.

Ó fi ìyàwó kan sílẹ̀, Tamílọ́rẹ. Ó fi gìtá oníná kan sílẹ̀ pẹ̀lú, pupa, tó máa ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Castleridge. Gìtá náà dùn, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí Gbémiga bá tún un tò tán nígbà Praise, kó tó di Worship, ohùn ti lọ. Orí rẹ̀ lókè ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́fà tí wọ́n ń yí, tí okùn fi ń le tàbí tó fi ń dẹ̀. Túúnà ni àwọn olórin ń pè é. Etí ni Gbémiga ń pè é.

“Ẹ má bínú,” á sọ sínú máìkì. “Etí ọmọ mi ti di.”

Gbogbo ìjọ á rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Bándélé ló gbé gìtá náà dání. Orin kọ́ ló fẹ́ kọ. Gbólóhùn kan péré ló fẹ́ kí gìtá bá òun sọ fún ẹ̀gbọ́n òun: Ó dìgbéré. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ bí yóò ṣe lọ. Òkè, ìsàlẹ̀, òkè, òkè. Ó ta ti àkọ́kọ́. Ó ta èkejì, ó ta ẹ̀kẹta. Bó ṣe ní kó ta ẹ̀kẹrin, okùn yọ̀, ohùn já wálẹ̀. Òkè, ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀. Gìtá kò sọ pé Ó dìgbéré mọ́. Ó ní Ó dàárọ̀.

Tamílọ́rẹ tó wà níwájú gbé orí sókè.

“Ó dàárọ̀ o, olówó orí mi,” ló fi dá gìtá lóhùn.

Bí ẹkún ṣe bẹ́ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, obìnrin yìí kò kó aṣọ ọkọ rẹ̀ kúrò nínú wọ́dúróòbù ní New Brighton tí wọ́n ń gbé. Nígbà tí àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì lọ bá a, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fi dá wọn lóhùn. Ó ní ẹni tó bá ní ó dàárọ̀, ṣé kò ní jí ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣì ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tó di December, ó rí iṣẹ́ sí Winnipeg, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé. Ìrántí ọdún kan Gbémiga á bọ́ sí Sunday, òun á sì wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì. Ó wá bá Bándélé nínú basement tó ń gbé. Kò bọ́ coat.

“Ọkọ mi,” ló wí, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ, “mo mọ̀ pé okùn ló yọ̀ lọ́jọ́sí. Orí mi pé. Ṣùgbọ́n etí mi ti gbọ́ ohun tó gbọ́. Ẹ bá mi tún gìtá yẹn ṣe. Kó sọ ọ́ bó ṣe yẹ kó sọ ọ́, kí n lè ríbi lọ.”

“Aunty Tamí, tó bá tún yọ̀ ńkọ́?”

“Mi ò ní lè wọ bọ́ọ̀sì yẹn. Mo mọ ara mi.”

Bándélé ra túúnà tuntun, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, irú èyí tó ń gbá okùn mú bí àgádágodo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni páálí rẹ̀ fi wà lórí tábìlì, kò ṣí i. Á gbé e, á gbé e sílẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe òun. Bí Tamílọ́rẹ bá lọ, ta ló tún kù fún un ní Calgary tó mọ̀ pé Gbémiga kì í jẹ àlùbọ́sà? Òun ni wọ́n sì ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ọ̀sán Saturday, nígbà tí ìrántí ku ọ̀la, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ já páálí. Ihò ara gìtá kéré fún ẹsẹ̀ túúnà tuntun. Ó tú àwọn ti àtijọ́, ó gbé dírílì.

“Dúró ńbẹ̀!”

Bashiru ni, onílé tó ń gbé òkè. Òun náà ti ṣiṣẹ́ epo rí, irin kéékèèké ló ń gé. Bọ́ọ̀sì iléèwé ló ń wà báyìí. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú jalàbíà pẹ̀lú sọ́ọ̀kì tó nípọn, pẹ́ńsù wà lẹ́yìn etí rẹ̀.

“Kí lo fẹ́ fi dírílì ṣe? O fẹ́ pa á ni?”

“Ihò yẹn ló kéré, ẹ̀gbọ́n.”

“Ó kéré lo ṣe fẹ́ la orí ẹ̀ sí méjì? Igi tó ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́ wá? Gbé e síbẹ̀ jàre.”

Ó lọ mú irin kan wá, ó ṣe ṣóńṣó bíi kárọ́ọ̀tì, etí rẹ̀ mú. Ó fi í bọ ihò, ó ń fi ọwọ́ yí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyẹ̀fun igi ń dà sílẹ̀. Bándélé ń wò ó, ẹsẹ̀ ń gbọ̀n ọ́n lábẹ́ tábìlì.

“Mú ẹsẹ̀ yẹn dúró, o ń mi ilé mi.”

Wọ́n mú ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fẹ̀. Bashiru ní kí Bándélé máa de sukúrúù. Ó de ìkíní, ó fún un. Ó tún fún un. Ó ní kó tún le díẹ̀ sí i, orí sukúrúù já kúrò ní ọrùn.

“Yéè!” Bashiru gbá orí mú. “Ṣé páìpù epo Fort McMurray lo rò pé ò ń dè? Ọwọ́ rẹ ti bàjẹ́ sídìí epo, Bándélé. Igi rèé. Tó bá ti kan, fi í sílẹ̀.”

“Ẹ máa bú mi, ẹ bá mi yọ ọ́.”

“Mo ń ṣe méjèèjì pọ̀.”

Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n fi igi ìtayín àti gúlúù dí ihò rẹ̀, wọ́n tún un gbẹ́. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, etí tuntun mẹ́fà ló ń dán lórí gìtá. Bándélé fi okùn sí i, ó fà wọ́n, ó tò ó. Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó ta á. Òkè, ìsàlẹ̀, òkè...

Tín!

Ìsàlẹ̀.

Ó dàárọ̀.

Bándélé fi gìtá sílẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó sọ̀, ó tún gùn ún. “Etí tuntun, irọ́ àtijọ́!” ló ń wí. “Gìtá yìí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ẹni tó ni ín ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

Bashiru gbé gìtá sí itan, ó ń yí túúnà kan jẹ́jẹ́, ó tẹ́tí. Tín. Ó tún yí i. Tín.

“Wá gbọ́. Níbo ni tín yẹn ti ń wá?”

Bándélé tẹ̀ ba. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ túúnà. Ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé orí ni, níbi tí egungun funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, tí okùn kọ̀ọ̀kan ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Ojú ọ̀nà ọ̀kan ti há. Okùn á kọ́ síbẹ̀, bí wọ́n bá fi agbára ta á, á já bọ́.

“Etí ò di rárá,” ni Bashiru wí. “Ọ̀fun ló há. Odidi ọdún kan lẹ fi ń na ẹni tí ò ṣẹ̀.”

Ó yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí, ó gbé okùn kúrò lójú egungun náà, ó fi dúdú pẹ́ńsù kun ibẹ̀ dáadáa títí ó fi ń yọ̀. Ó dá okùn padà. Ó na gìtá sí Bándélé.

Òkè, ìsàlẹ̀, òkè, òkè.

Bándélé tún un ta, ó fi gbogbo agbára ta á. Kò yẹ̀. Ó dìgbéré ni gìtá wí, ó já gaara, bí ẹni dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Innaa lillaahi,” ni Bashiru wí. Ó dìde. Àsìkò Àsárì ti tó.

Bándélé nìkan ló kù. Ìgbà yẹn ni èrò burúkú wọ inú rẹ̀. Bí òun bá yí etí kan péré lọ́la, díẹ̀ báyìí, kí òun tó ta ti ẹ̀kẹrin, ta ló máa mọ̀? Wọ́n á ní gìtá Gbémiga tún ti ṣe tiẹ̀. Tamílọ́rẹ kò sì ní lọ.

Ó gbé èrò yẹn dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Gbọ̀ngàn kún. Bashiru wà lẹ́yìn pẹ̀lú fìlà àdúrà rẹ̀. Tamílọ́rẹ jókòó níwájú, ó wọ funfun, ó ka ọwọ́ sí itan. Wọ́n pe Bándélé. Ó ta òkè. Ó ta ìsàlẹ̀. Ó ta òkè. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti kúrò lọ́rùn gìtá, ó ti gun òkè lọ, ó di etí yẹn mú. Ó tutù. Àwọn èèyàn rò pé ó ń sunkún ni. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó wo Tamílọ́rẹ, ó rí i pé obìnrin náà ti rù. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó ti ń wò ó láti ọdún kan, kò rí i.

Ó fi etí sílẹ̀. Ó dá ọwọ́ padà sí ọrùn gìtá, ó ta ẹ̀kẹrin.

Òkè.

Tamílọ́rẹ mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí wọ́n jíṣẹ́ fún.

Bándélé gbé gìtá sílẹ̀, ó gba ẹ̀yìn jáde. Kò mú coat. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín àwọn ọkọ̀, imú rẹ̀ ti ń dì, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Tamílọ́rẹ ni, ó gbé coat rẹ̀ dání.

“Ẹ wọ̀ ọ́.”

“Aunty Tamí, ẹ wọlé. Àwọn èèyàn ń wá yín.”

“Mo ní ẹ wọ̀ ọ́. Ẹnì kan péré ni snow máa gbà lọ́wọ́ mi.”

Ó wọ̀ ọ́.

“Mo fẹ́ dẹ okùn yẹn,” ni Bándélé wí. “Díẹ̀ ló kù. Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ.”

“Mo mọ̀. Mo rí ọwọ́ yín.” Ó fa kọ́là coat sókè fún un. “Ká ní ẹ dẹ̀ ẹ́, ọkọ mi, ǹ bá dúró. Ǹ bá sì máa bínú sí yín títí.”

Ó wọlé lọ gbé oúnjẹ fún àlejò.

Lọ́jọ́ Monday, Bándélé ló kó ẹrù Tamílọ́rẹ wọnú ikùn bọ́ọ̀sì. Báàgì mẹ́ta ni. Ó tò wọ́n. Ó fa ọ̀kan jáde, ó tún wọn tò. Ó tún ń fa ìkejì bọ̀ nígbà tí dírẹ́bà ní ó ti tó, kó kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, òun fẹ́ tì í.