Ìka Méjì Lẹ́yìn Ilinca

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Otilia ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré orí ọ̀pá ní ìlú awa-èédú wa, ní àfonífojì Jiu. Ẹfun tí àwọn ọmọ fi ń pa ọwọ́ kí ó má baà yọ̀ ti wọ inú ògiri gbọ̀ngàn náà. Ó ti wọ inú irun Otilia pẹ̀lú, débi pé a kò mọ ìgbà tí ewú bẹ̀rẹ̀.

Òun náà ti ṣeré lórí ọ̀pá rí. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún méjìlá, ó ga ju bí wọ́n ti fẹ́ lọ. Wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Ó lọ, ó fẹ́ Traian tí ń wa èédú, ó bí ọmọkùnrin kan, ó sì padà wá sídìí ọ̀pá. Traian ti kú. Ọmọ wà ní Sípéènì. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ó ń pè: "Màámi, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi." Èsì kan náà ni: "Tí àwọn wọ̀nyí bá ti mọ kíìpì."

Kíìpì ni ilẹ̀kùn. Ọmọ á rọ̀ mọ́ ọ̀pá, á fì síwájú, á gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ọ̀pá, á wá fà á gba ojúgun, gba itan, títí dé ìbàdí, bí ẹni ń fa ṣòkòtò wọ̀. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti wà lókè. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè kọ́ ohun tó tẹ̀lé e. Àwọn kan lo ọdún kan lórí rẹ̀, àwọn mìíràn lo méjì.

Ọjọ́ tí ọmọ bá dá a ṣe, á ti ọwọ́ bọ ọ̀dà búlúù, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ti Otilia wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó kéré bí ewé. Ti Ilinca ló kẹ́yìn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ilinca. Ìyá rẹ̀ àgbà, Saveta, ló ń tọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó fì, ó fà, ó gòkè. Àwọn ọmọ hó yèè. Ìka méjì Otilia wà lẹ́yìn rẹ̀ lókè ìbàdí, ìka méjì péré, bí ẹni fẹ́ yọ òwú kúrò lára aṣọ. Ó ti rò ó láti mú wọn kúrò. Kò mú wọn kúrò. Kí ó tó la ẹnu, ọwọ́ ọmọ ti wà nínú ọ̀dà.

Lọ́jọ́ kejì, Saveta gbé búrẹ́dì dídùn tí ó fi àsálà sínú rẹ̀ wá fún gbogbo wọn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ búlúù Ilinca lára ògiri. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí ó bá wá mú ọmọ.

Ojoojúmọ́ náà ni ìka méjì ń lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Eyín ń dun Otilia. Kò lọ rí oníṣègùn eyín, kí ẹlòmíràn má baà dúró ti ọ̀pá dípò rẹ̀, kó sì rí i pé ọmọ kò lè dá gòkè. Ìdánwò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ní ìlú Deva. Níbẹ̀, olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọmọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, Crina, tí kò tíì mọ kíìpì, jókòó sórí tìmùtìmù, ó ń wò wọ́n.

"Ilinca, ìwọ kọ́ lò ń gòkè o. Ìka Tíṣà ló ń gòkè."

"Ìlara ń pa ẹ́. Ìwọ tó o máa ń rọ̀ bí ẹran lọ́dọ̀ alápatà!"

"Kí n jẹ́ ẹran. Ẹran kì í purọ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ilinca yíjú sí Otilia. "Tíṣà, ẹ sọ fún un."

Otilia wo fèrèsé. "Ẹ lọ na ẹsẹ̀ yín."

"Ẹ sọ fún un ná."

"Mo ní ẹ lọ na ẹsẹ̀."

Ilinca lọ. Ó ń wẹ̀yìn bí ó ti ń lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Otilia ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò kóòtù. "Ó yá."

Ilinca rí àpò náà. Ó pa ẹfun sọ́wọ́, ó pa á pẹ́. Ó fì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ọ̀pá, ó fà á dé agbedeméjì itan, ó sì padà sísàlẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, bákan náà. Nígbà tí ó di ẹlẹ́ẹ̀keje, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Crina kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ yọ ọwọ́ yín síta, Tíṣà."

"Rárá."

"Ìka kan péré."

"Rárá, Ilinca."

"Ọjọ́ tí mo tẹ ọwọ́ ńkọ́?"

"Ìka mi wà níbẹ̀," ni Otilia wí. "Lọ́jọ́ yẹn, àti lójoojúmọ́."

Ọmọ náà kò sunkún. Ó lọ síbi ògiri, ó tutọ́ sí etí aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ búlúù náà. Ọ̀dà olóròóró ni; kò nù. Ó nù ún títí ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ fi kan ògiri.

Ibẹ̀ ni Saveta ti bá wọn. "Kí lẹ ń fi ògiri ṣe?"

Otilia sọ fún un ní ìnàró, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní òun kò ní mú ọmọ lọ sí Deva lọ́la. Yóò já bọ́ lójú gbogbo èèyàn, ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe tirẹ̀.

Saveta yíjú sí ògiri.

"Mo ti sọ fún gbogbo ará ilé wa. Mo sọ fún àlùfáà. Èmi àgbàlagbà, mo ń fọwọ́ kan ògiri bí ẹni ń fọwọ́ kan àwòrán mímọ́."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Ìka mélòó?"

"Méjì."

Saveta mú ọwọ́ ọmọ, ó yẹ ibi tó bó wò. "Nínú mẹ́wàá, mẹ́jọ ti jẹ́ tìẹ nìyẹn. Wọ bàtà ẹ." Kò fọwọ́ kan ògiri kí ó tó jáde.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìpè wá láti Sípéènì. "Màámi, ìgbà wo wá ni?"

"Wọn ò tíì mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ Ajé, Ilinca dé, ó fi aṣọ funfun di ọwọ́. Kò kí Otilia. Ó bọ́ sábẹ́ ọ̀pá. Otilia dúró síbi tí ó ti máa ń dúró, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, òsì di ọ̀tún mú bí ọlọ́pàá ṣe ń di olè mú.

Ọmọ náà fì. Ó dé agbedeméjì itan. Ọwọ́ ọ̀tún Otilia ta pọ́ún, ó fẹ́ lọ ti ọmọ. Òsì kò jẹ́ kí ó lọ. Ilinca já bọ́ sórí tìmùtìmù, ó dìde, ó sì tún na ọwọ́ sí ọ̀pá.