Okùn Tí Wọ́n Fi Wọ̀n Mí Láàyè

Ọdún tí ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè kọjá lẹ́yìn ilé wa l'Ágége ni. Kì í ṣe ọdún tí wọ́n sé gbogbo wa mọ́lé nítorí àrùn, èyí tó tẹ̀ lé e ni. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ò mọ nọ́ńbà tí ọdún náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé fèrè yẹn ṣì máa ń lé àwọn adìẹ àdúgbò wọ abẹ́ àga, ìwọ tí ò ń bá mi kọ̀wé yìí sì wà ní kíláàsì kẹrin.

Mo kírun ọ̀sán tán, mo nà gbalaja sórí ẹní. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ike lẹ́yìn ògiri wa ń dún gìrìgìrì bó ṣe máa ń dún, oorun sì gbé mi lọ. Ohun tó jí mi ni nǹkan tín-ín-rín kan tó ń rìn mí lára. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí, ó gba ìbàdí, ó ń lọ sí gìgísẹ̀. Mo rò pé kòkòrò ni. Mo lajú, ìwọ ni mo rí. O kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, o ń fi eyín gé okùn funfun.

"Kí lò ń ṣe?"

"Ẹ má mira, Màmá, mo ti fẹ́ẹ̀ parí."

"Mo ní kí lò ń ṣe?"

"Mo ń wọ̀n yín ni."

Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè dìde. Nílé wa l'Ọ́yọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi okùn wọn ènìyàn láti orí dé ẹsẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n wọn bàbá tó bí bàbá rẹ. Ó nà sílẹ̀ nínú aṣọ funfun, ààfáà na okùn lé e, ó so kókó síbi tó parí sí, ó sì gbé e fún àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ kí sàréè má baà kúrú. Okùn yẹn ni mo rí lọ́wọ́ rẹ.

Mo já a gbà. "Ta ló rán ọ?"

"Àǹtí wa ni. Ó ní ká wọn àgbàlagbà kan nílé, ká kọ orúkọ ẹni náà sára bébà, ká so ó mọ́ okùn, ká mú un wá lọ́la."

"Orúkọ mi?"

"Orúkọ yín, Màmá."

"Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Kò sọ fún wa. Ó ní àwa la máa wá a rí."

Kò sọ fún wa. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló pa mí. Mo rò ó pé ẹni tó bá ń ṣe ohun rere, kí ló ń fi pamọ́? Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tíṣà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yé mi. Ọmọge kan tó wá láti Èkìtì ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ. Lónìí, ẹ kó ìdérí ìgò wá. Lọ́la, ẹ lọ ka búlọ́ọ̀kù tó wà lára ògiri iléèwé. Mo máa ń bi ọ́ pé ṣé iléèwé lò ń lọ àbí ààtàn. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn bàbá rẹ ní ìṣirò, wọ́n ń kọ ọ́ lórin ni, ẹgba ń bá wọn gbe é, títí èmi tí n kò wọ iléèwé rí fi mọ ẹ̀ẹ̀mejì méjì nídìí abẹ́rẹ́ mi.

Torí fìlà ni mo ń rán, o mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wọ Èkó ni mo ti ń fi òwú wọn orí ọkùnrin, àwọn òṣìṣẹ́ Aláúsá, àwọn awakọ̀, àwọn ọkọ ìyàwó. Òwú tó yí orí ká kò léèwọ̀ kankan. Èyí tó gùn láti orí dé ẹsẹ̀ ni ti òkú. Mo mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ká ní mo kàn pa okùn náà mọ́, tí mo bá tíṣà sọ̀rọ̀ láàárọ̀, kò sí ohun tí mo máa pè ọ́ wá kọ lónìí. Ṣùgbọ́n mo lọ síbi ẹ̀rọ omi. Ìyá oníbúrẹ́dì tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa ń pọnmi lọ́wọ́. Mo fi okùn hàn án.

"Wọ́n ti ń wọ̀n wá láàyè o."

Mo ròyìn fún un. Ó bi mí pé orúkọ ńkọ́, mo ní wọ́n ní kí wọ́n so ó mọ́ ọn. Korobá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Háà! Màmá onífìlà! Wọ́n fẹ́ fi wá ṣowó ni!"

Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo kàn mi orí.

Ìyá oníbúrẹ́dì, ilé méjìlélógún ló ń gbé búrẹ́dì dé láàárọ̀. Kí oòrùn tó mú lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti bá búrẹ́dì wọ gbogbo wọn. Nígbà tí àwa obìnrin mẹ́fà jáde láti lọ bi tíṣà léèrè, a di ogún ní ìkóríta, a sì di èrò tí mi ò lè kà mọ́ kí a tó rí géètì iléèwé. Àwọn ọkùnrin ti dara pọ̀ mọ́ wa. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kọ́ ni mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn mọ́. Wọ́n ní wọ́n bá irun orí ọmọdé nínú àpò tíṣà. Wọ́n ní àpótí òkú kékeré wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní ìkóríta wa. Ó dé fìlà búlúù tí mo rán fún un nígbà tó gbéyàwó. Ó ń yí táyà kan bọ̀ lójú títì, ẹnì kan sì gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tẹ̀ lé e. Ìwọ ọmọdé lè má mọ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ l'Ékòó kì í béèrè ohun tí táyà àti kẹ́ẹ̀gì ń wá papọ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá," ó ní. "Ẹ ṣáà ti sọ tiyín."

Wọ́n ti ti géètì. Ọ̀gá iléèwé, obìnrin tó ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì, ń tẹ fóònù rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó ní ẹni tó ni ẹ̀sùn nìkan ni òun máa ṣílẹ̀kùn fún. Gbogbo wọn yà fún mi. "Ẹ jẹ́ kí Màmá wọlé! Àwọn ló gba okùn náà!" Ẹ̀yìn mi ni wọ́n sì ń sọ pé bí Màmá bá ti jáde wá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn máa fo géètì náà.

Nínú kíláàsì rẹ, okùn ló wà lára ògiri. Wọ́n so wọ́n kọ́ ìṣó, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bébà orúkọ lọ́rùn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà dúró níwájú, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Kí lò ń fi okùn ọmọ ọlọ́mọ ṣe?"

Mo rò pé ó máa ṣàlàyé. Ó wojú mi, ó wo ẹ̀yin ọmọ. "Ẹ bi wọ́n, Màmá. Àwọn ló ni ín."

Ìwọ lo dìde. O mú okùn tí wọ́n fi wọn ìwọ fúnra rẹ kúrò lára ìṣó. O ní bí ẹ bá fi okùn gíga yín yí orí ara yín ká, ó máa lọ ẹ̀ẹ̀kan, ó máa lọ ẹ̀ẹ̀kejì, ó sì máa ku ààbọ̀. O ká a, ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ká tirẹ̀, ó rí bẹ́ẹ̀.

"Gbogbo wa ló jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì àtààbọ̀," lo wí. "Àǹtí wá bi wá pé ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo èèyàn láyé. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní rárá, ìjà fẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ó ní ká lọ wọn àgbàlagbà wá. Àwọn tó ti ká tiwọn sórí àgbàlagbà nílé ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni."

"Orúkọ ńkọ́?" Tíṣà ni mo bi.

"Kí okùn má baà dàrú mọ́ra wọn ni, Màmá."

"Kí ló dé tí o ò sọ ìdáhùn fún wọn kí gbogbo wa sinmi?"

"Bí mo bá sọ ọ́, tèmi ni. Wọ́n á ti gbàgbé rẹ̀ lọ́la. Èyí tí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn rí, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn."

Gbogbo orí tí mo ti fi òwú wọ̀n, mi ò bi ara mi léèrè rí pé kí ni orí ń bá ẹsẹ̀ sọ. Níbẹ̀ ni òkúta àkọ́kọ́ bà sórí páànù. Ẹ figbe ta. Tíṣà yẹn kó gbogbo yín sẹ́yìn ara rẹ̀, ó wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì. Òkúta kejì bà, kò kúrò.

Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni tó fẹ́ pa ọmọ kọ́ nìyí. Mo tú okùn tó wà létí ìró mi, èyí tí mo mú wá bí ẹ̀rí. Mo dì ọ́ lọ́wọ́ mú, mo ní, "Gbé àga kan, kó o tẹ̀ lé mi."

Ọ̀gá iléèwé ní, "Màmá, ẹ má jáde." Mo jáde.

Mo ní kí wọ́n ṣí géètì díẹ̀. Ariwo náà rọlẹ̀ torí wọ́n rò pé mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń retí.

"Èmi ni mo dá iná yìí," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí èmi fúnra mi pa á. Ọmọ yìí máa wọ̀n mí lójú gbogbo yín. Wọ́n ní okùn gíga àgbàlagbà máa ń yí orí rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìyá oníbúrẹ́dì ké, "Màmá, ẹ má dán an wò!"

O gun àga. O fi orí okùn lé mi láàárín orí. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn mi, tútù báyìí, gbogbo ara mi ló ta gìrì. Mo ka àdúrà tí mo mọ̀. Okùn dé gìgísẹ̀. Mi ò kú. O wá ń ká a sórí ìborùn mi, ò ń kà á sókè. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó lọ síbi ẹ̀kẹta, ó dúró. Ó ku ìbú ọwọ́ kan kó pé.

"Kò pé!" Ọkùnrin onítáyà ló pariwo. "Ẹ̀yin náà ẹ rí i! Irọ́ ni wọ́n ń pa!"

Èrò ti ń rọ́ síwájú. Ohùn rẹ tín-ín-rín ni mo gbọ́ lókè orí mi:

"Ó pé tẹ́lẹ̀! Màmá ló ti ń kúrú. Ẹ wo ẹ̀yìn wọn, ó ti tẹ̀!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí ò bẹ̀rù ìyá àgbà ẹ̀!" Ẹ̀rín kékeré yẹn ni mo gùn bí ẹni gun àkàbà. Mo ní, "Ìwọ onítáyà, bọ́ fìlà rẹ."

"Fìlà mi kẹ̀?"

"Ta ló rán an?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Mi ò ní fọwọ́ kan ara rẹ."

Ó bọ́ ọ. Mo fa òwú nínú ìdì òwú tí kì í kúrò lápò mi, mo fi yí etí fìlà náà ká lẹ́ẹ̀mẹta géérégé, mo gé e, mo jù ú sí i. "Fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ nà án sókè." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ̀ ẹ́. Òwú kọjá ìdodo, ó kọjá àgbọ̀n, ó dé ibi tí irun rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló tún un nà lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, "Fìlà lásán ni wọ́n wọ̀n o."

"Ṣé kì í ṣe oògùn nìyẹn?" ìyá oníbúrẹ́dì bi mí.

"Bó bá jẹ́ oògùn, a jẹ́ pé èmi ni mo ti ń dì í sí yín lórí látọjọ́ yìí."

Ọkùnrin kan bọ́ fìlà tirẹ̀, ó ní kí n gbìyànjú èyí wò. Ẹlòmíràn ní tirẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ ṣe. Mo rí ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì bó ṣe ń fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ọkùnrin onítáyà yí táyà rẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n túká tán, mo jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀.

Má kọ ọ́ pé ó parí síbẹ̀ o. Tíṣà parí sáà yẹn, kò padà wá. Mo lọ bá a kó tó lọ, mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó sáré gbá mi mú. Ó ní, "Màmá, mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá rí táyà tó ń yí lójú títì, ara mi ń gbọ̀n." Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn? Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ gbé ẹgba dé, ìṣirò sì padà di orin. Ẹnikẹ́ni ò ní kí ẹ wá nǹkan kan rí mọ́. Ẹnu mi ló ṣe é.

Nígbà Iléyá ọdún yẹn, àwọn ọmọ tí mo bí pé jọ sílé. Wọ́n ti gbọ́. Bàbá rẹ ló bínú jù. Ó ní, "Màmá, ẹ wá jẹ́ kí wọ́n na okùn lé yín bí òkú, lójú gbogbo ayé!"

Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ tíṣà tí mo fẹ́ẹ̀ fi orí mímì mi pa lójú gbogbo ayé ni kí wọ́n bá mi sọ, kì í ṣe ti okùn. Mo wá mú okùn náà jáde nínú àpótí òwú mi. Mo ní ó ń bẹ níbí. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, kí ààfáà má wulẹ̀ wá òmíràn kiri. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e fún àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀, kí wọ́n fún ọmọ yìí kó kọ́kọ́ ká a sí mi lórí, kó wò ó bóyá mo tún ti kúrú sí i.