Iṣẹ́ Tí Bàbá Iwao Ń Rán Ìjàpá Òkun

Ó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbi tí òjò ò ti ní pa á, pé Chikamori Sawako kì í fún ìjàpá òkun lẹ́ja láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ gé díẹ̀ jẹ níbẹ̀. Ẹja kòtè tútù ni o, kò rí iyọ̀, kò rí iná. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń ṣe é nílé ẹja tó wà létíkun ìlú Kochi, níbi tí èrò ti ń wá wo ẹja lẹ́yìn gíláàsì. Bí wọ́n bá bi í, á ní òun kì í fún àlejò lóhun tí òun ò lè jẹ. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kì í fẹ́ bá a jókòó jẹun ọ̀sán, ṣùgbọ́n kò sí ìjàpá kankan tó ráhùn rí.

Ìjàpá tó bá fara pa ni iṣẹ́ rẹ̀: èyí tó gbé ìwọ̀ mì, èyí tí okùn gé lápá, èyí tó ti fi ọ̀rá ṣe oúnjẹ. Bí ara wọn bá yá, á gbé wọn padà sókun. Ọ̀gá wọn ti pàṣẹ pé nọ́ńbà ni kí wọ́n máa pè wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má sọ wọ́n lórúkọ, nítorí pé bí ohun tó lórúkọ bá kú, ó máa ń le láti sin.

Bàbá ọkọ rẹ̀, Iwao, ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá. Ó ń lọ sí ọgọ́rin ọdún, òun sì ni olórí àwọn tó ń fa àwọ̀n ńlá lábúlé wọn. Ìjàpá tó bá kó sáwọ̀n, wọn kì í pa á. Wọ́n á gbé orí rẹ̀ sókè, wọ́n á da ọtí ìrẹsì sí i lẹ́nu, wọ́n á ní kó máa lọ. Bí àwọn bàbá wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ti Iwao tún lé díẹ̀: lẹ́yìn ọtí, á bẹ̀rẹ̀, á sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ síbi tó rò pé etí ìjàpá wà. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé Shohei ló ń ránṣẹ́ sí.

Shohei ni ọmọ rẹ̀, ọkọ Sawako. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti wọkọ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ ìjì kan, tí òkun ò sì dá nǹkan kan padà ju ẹsẹ̀ bàtà òjò rẹ̀ kan lọ. Sawako ò bèèrè rí ohun tí bàbá ń sọ fún àwọn ìjàpá. Òun àti ọkọ rẹ̀ jà lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó sì dá a lójú pé ẹnu òun ló lé e jáde.

Lóṣù kẹta, Iwao fi mọ́tò rẹ̀ gbé ìjàpá kẹtàlélógún wá. Àwọ̀n ti há a mọ́ abẹ́ omi títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

"Ìyàwó wa, ẹ̀mí ṣì wà nínú ẹ̀," ni Iwao wí. "Ó mutí dáadáa. Odindi ìgò kan."

"Odindi ìgò, Bàbá?"

"Ọ̀nà jìn. Ṣé kí òùngbẹ wá pa á kó tó débẹ̀ ni?"

Nígbà tí ó lọ tán, Dókítà Kumon, tó ń tọ́jú ẹranko wọn, gbé ìjàpá náà sídìí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ó wo ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gbóòórùn ẹnu ẹ̀. Ẹni tí ò rí èémí mí, wọ́n tún da ọtí sí i lọ́fun. Ẹ̀dọ̀fóró ló wọ̀ lọ tààrà. Ta ló ṣerú èyí?"

"Àwọn apẹja ni," ni Sawako dáhùn. Irọ́ kọ́ sá.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi gún un lábẹ́rẹ́. Ìhà kan ló fi ń léfòó, bí ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ yẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Iwao ń wá bèèrè bóyá ó ti múra ọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Sawako gé ẹja jẹ, ó na ìyókù sí i, ìjàpá ò yanu, kò sì mira mọ́. Ó dúró títí. Nígbà tó yá, ó jẹ ìyókù ẹja náà tán, ó sì lọ pe dókítà.

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá dé.

"Ó dà?"

"A ti gbé e lọ, Bàbá."

"Ẹ ò wá pè mí?"

"Ó ń kánjú."

Iwao rò ó wò, ó mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí mo rán an náà ti pẹ́ jù."

Kò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ tí ìjàpá mìíràn tún kó sáwọ̀n. Nígbà tí Sawako fi máa dé etíkun, ìfófòó ti wà lẹ́nu ẹran náà, ìgò sì ti ṣí lọ́wọ́ bàbá. Bó bá dákẹ́, èyí náà á kú. Bó bá sọ̀rọ̀, arúgbó á bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìránṣẹ́ tí òun ti fọwọ́ ara òun pa láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ dúró ná. Èyí kì í mutí."

"Ta ló sọ fún ẹ?" ni apẹja kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Àbí aláàwẹ̀ ni?"

Sawako sún mọ́ bàbá. Ó gba ìgò, ó gbé e sẹ́nu, ó sì dà á mu láìsinmi. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ tún wá ọpọ́n ike tí a fi ń gbé ìjàpá wá o," ni apẹja náà tún wí. "Méjì la máa gbé lọ."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Iwao nìkan ni kò rín. Ó wo ìgò tó ti gbẹ, ó wo aya ọmọ rẹ̀.

"Ẹni tó bá mu ún ló ń jíṣẹ́," ló wí. Ó fa ejìká Sawako mọ́ra, ó sì fi ẹnu sí i létí. "Sọ fún Shohei pé kó má bínú. Kò fẹ́ jáde lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ojú òkun ò dáa. Èmi ni mo pè é ní ojo."

Sawako bá wọn gbé ìjàpá sínú mọ́tò. Ó ń wá ilẹ̀kùn mọ́tò níbi tí kò sí. Àwọn tó rí i ní ọtí ni. Ìjàpá yẹn yè, nọ́ńbà rẹ̀ ni ìkẹrìnlélógún, ó ń jẹun dáadáa. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Iwao sì ń wá síbẹ̀. Kì í wo ìjàpá mọ́. Sawako ló ń bi bóyá ó ti jíṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, ẹni tí wọ́n rán irú iṣẹ́ yìí sí ọkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, ọjọ́ wo ló yẹ kó ní òun ti jẹ́ ẹ?