Ọjọ́ Méjì tí Akọ̀wé Kúrú Yunáítẹ́ẹ̀dì Kọ

Ọdún méjì péré ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kúrú Yunáítẹ́ẹ̀dì lò láyé, ṣùgbọ́n fún ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ikú ẹgbẹ́ náà, Samuel Akínladé kò lè gba ẹ̀gbẹ́ pápá wọn kọjá kí ó gbé ojú sókè. Bí ọkọ̀ tó wọ̀ bá dé ibi tí òpó góòlù méjèèjì ṣì dúró sí láàárín koríko, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò máa wò títí wọn yóò fi kọjá.

Ọmọ akọ̀wé rélùwéè ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá sí Jos, ogún tó sì fi sílẹ̀ fún un kò ju ọwọ́ ìkọ̀wé lọ: lẹ́tà tó dúró ṣánṣán, àti nọ́ḿbà 7 tí ìlà kékeré dábùú àárín rẹ̀. Nítorí ọwọ́ yìí ni ìjọ Onítẹ̀bọmi kékeré kan ní àdúgbò Ali Kazaure ṣe fi í ṣe akọ̀wé nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Òun ló ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ọwọ́ tí àwọn òbí gbé wá síwájú Olúwa. Òun ló ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ ní ìpàdé ìjọ, òun náà ni yóò kà á sókè ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, tí yóò wá béèrè pé, "Ǹjẹ́ àtúnṣe wà?"

Nígbà tí Ògúnníyì, oníṣòwò pákó ní ọjà Terminus, gba àyè ẹgbẹ́ kan tí agara ti dá nínú líìgì, tó sì sọ ọ́ di Kúrú Yunáítẹ́ẹ̀dì, ní orúkọ ìlú kékeré kan lẹ́bàá Jos, ní ọdún 2011, kò wá akọ̀wé lọ sọ́nà jíjìn. Ó ní ẹni tí Ọlọ́run bá fi ìwé rẹ̀ lé lọ́wọ́, ènìyàn lè fi ti bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́. Akínladé fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe lè jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni lọ. Ní ọjọ́ ìdíje, òun ni yóò gbé orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ fún rẹfirí, tí yóò fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i bí ẹni gbé àwo ọrẹ. Ipò karùn-ún ni wọ́n ṣe ní ọdún àkọ́kọ́, inú ìlú sì dùn.

Ẹni tí ìlú fẹ́ràn jù nínú wọn ni Matthias, ọmọ Àtinúkẹ́, opó kan tó ń ránṣọ nínú ìjọ Akínladé, tó sì ń ṣáájú ẹgbẹ́ akọrin. Àtinúkẹ́ ló rán nọ́ḿbà mọ́ ẹ̀yìn gbogbo jẹ́sì ẹgbẹ́ náà. Ọmọ rẹ̀ kúrú, irùngbọ̀n kò sì fẹ́ hù lójú rẹ̀, nítorí náà ni àwọn èrò ìwòran fi ń fi èdè Hausa pè é ní Ƙarami, ẹni kékeré.

Nígbà tí ọdún kejì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, líìgì ṣe òfin tuntun pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ ní ọ̀dọ́ mẹ́ta tí kò tíì pé ogún ọdún. Méjì ni Kúrú ní. Ẹ̀kẹta, tó yẹ kó wá láti Mákúrdí, lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Ògúnníyì pe Akínladé sórí fóònù.

"Akọ̀wé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá wa padà. Ẹ bá wa wá ẹnì kan."

"Níbo ni kí n ti rí i? Ọ̀sán ti pọ́n."

"Ẹ̀yin lẹ mú bíírò dání o."

Àṣà ẹgbẹ́ náà ni pé àwọn agbábọ́ọ̀lù á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù lófìfo, akọ̀wé á sì fi ọwọ́ rẹ̀ tó dára kọ ìyókù. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé e. Akínladé fa fọ́ọ̀mù Matthias yọ, ó sì kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje ọdún 1993 ni wọ́n bí i. Ọdún 1989 ni wọ́n bí ọmọ náà. Ó fi ọjọ́ àti oṣù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe rí, ọdún nìkan ló yí padà, bí ẹni pé òtítọ́ méjì lè bo irọ́ kan mọ́lẹ̀.

Irọ́ náà kò pẹ́ kó tó yọ orí jáde. Ẹgbẹ́ kan tí Matthias gbá góòlù méjì sáwọ̀n wọn lọ wá ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jáde. Ìgbìmọ̀ líìgì jókòó, wọ́n sì ní kí akọ̀wé àti agbábọ́ọ̀lù dúró síwájú wọn.

"Ta ló sọ ọjọ́ ìbí yìí fún yín?" ni alága bi Akínladé.

Ó wo Ògúnníyì. Ògúnníyì ń wo òrùlé.

"Agbábọ́ọ̀lù náà ni," ni ó wí.

Matthias yíjú sí i, ó wò ó. Àkùkọ kankan kò kọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Akínladé kò sì jáde lọ sọkún kíkorò. Ó wọ ọkọ̀ lọ sílé, ó jẹun.

Wọ́n yọ pọ́ìntì mẹ́sàn-án kúrò lára Kúrú. Ẹgbẹ́ náà já bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, Ògúnníyì kó jẹ́sì sínú àpò ìrẹsì, ó padà sídìí pákó rẹ̀, ọkùnrin méjìlélógún sì di aláìníṣẹ́. Wọ́n ní Matthias kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún méjì. Nígbà tí ọdún méjì pé, kò sẹ́ni tó ń wá a mọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tó ń ta Akínladé jù kọ́ nìyẹn. Ìjọ gbọ́ pé irọ́ ọjọ́ orí ló wó ẹgbẹ́ náà, àwọn kan sì ní láìsí ìyá, ọmọ kò lè dá irú rẹ̀ pa. Wọ́n bá Àtinúkẹ́ wí ní ìpàdé, wọ́n sì gba aṣọ akọrin lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Akínladé ló kọ ìbáwí náà sínú ìwé, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó dára. Nítorí ẹni tó jí ohun ìyàsọ́tọ̀ nínú Bíbélì, tó sì rì í mọ́lẹ̀ sábẹ́ àgọ́ ara rẹ̀, gbogbo ibùdó ni kò sinmi. Ti Akínladé yàtọ̀: gbogbo ibùdó sùn, òun nìkan ni kò sinmi.

Ní ọdún 2024, ìjọ ní kí wọ́n tẹ àwọn ìwé àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Olúwabùkúnmi, ọmọbìnrin Akínladé, ló gba iṣẹ́ náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé ìwé orúkọ àwọn ọmọ ọwọ́ wá bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń gba atẹ́gùn.

"Bàbá, èmi ni mo wà lórí ìlà kẹrin yìí. Matthias ló tẹ̀lé mi. Sunday kan náà ni wọ́n gbé wa wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jù ú lọ."

"Mo rí i."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ọdọọdún lẹ sì ń ṣe ọjọ́ ìbí mi. Mo ti ń sọ fún ara mi láti àárọ̀ pé ẹ gbàgbé ni."

Ilẹ̀kùn nìyẹn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ta ni yóò bá arúgbó wí nítorí ìgbàgbé? Akínladé fi ìka tọ ìlà méjèèjì.

"Mi ò gbàgbé," ni ó wí.

Bùkúnmi kò pariwo. Ó pa ìwé dé, ó gbé oúnjẹ bàbá rẹ̀ wá, ó sì kúnlẹ̀ gbé e kalẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ìkúnlẹ̀ náà dun bàbá rẹ̀ ju èébú lọ.

Lọ́jọ́ kejì Akínladé lọ sí Terminus, níbi tí Matthias ti ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Irùngbọ̀n tó kọ̀ láti hù nígbà náà ti hù, funfun sì ti wọ inú rẹ̀.

"Ƙarami," ni ọ̀kan nínú àwọn awakẹ̀kẹ́ wí, "bàbá ìjọ yín dé. Ó wá gba ìdámẹ́wàá."

"Jẹ́ kó kọ́kọ́ rí tìrẹ gbà," ni Matthias fèsì. Ó kí Akínladé, ó sì ṣí àyè ẹ̀yìn fún un. Wọ́n ti ń lọ kí Akínladé tó lanu. Ojú awakọ̀ nìkan ló ń rí nínú dígí.

"Matthias, irọ́ ni mo pa mọ́ ọ."

"Mo mọ̀, Bàbá. Mo wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò fi sọ?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ orúkọ mi síwájú Olúwa. Bí mo bá ní ẹ purọ́, ta ni yóò gbà mí gbọ́?" Ó ya fún ọkọ̀ kan, ó tún padà sójú ọ̀nà. "Èmi ti ń wa kẹ̀kẹ́ mi. Ìyá mi ni kí ẹ rò. Ìbéèrè yín tí ẹ máa ń béèrè nípàdé yẹn, pé ṣé àtúnṣe wà. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń retí kí ẹnì kan nawọ́ sókè."

Akínladé kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì fà á ya ní òwúrọ̀, nítorí ó rí i pé ewé ọ̀pọ̀tọ́ ni òun fẹ́ fi bo ara.

Ìpàdé ìjọ bọ́ sí Sunday tó tẹ̀lé e. Ó ka àkọsílẹ̀ tán, ó gbé ojú sókè.

"Ǹjẹ́ àtúnṣe wà?"

Akínladé na ọwọ́ ara rẹ̀ sókè.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé," ni Alàgbà Ọládiípọ̀ wí láti iwájú, "ṣé ẹ ti ń dìbò fún ara yín ni?"

"Àtúnṣe wà sí ìwé ọdún 2013," ni Akínladé wí. Ẹ̀rín dá. Ó sọ ọ́ láìfi ohunkóhun bò: fọ́ọ̀mù òfìfo, ọdún tó yí padà, ìlà tí orúkọ Matthias wà lábẹ́ ti ọmọ tirẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tó sọ fún ìgbìmọ̀. Ó ní Matthias kò mọ nǹkankan, ìyá rẹ̀ kò mọ nǹkankan, ìjọ sì ti bá aláìṣẹ̀ wí. Nígbà tó parí, Alàgbà Ọládiípọ̀ ń wo ilẹ̀.

Àtinúkẹ́ dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mo ti sọ ọ́ létí gbogbo ìjọ, Ìyá Matthias."

"Ẹ ti sọ ọ́. Ti àkọ́kọ́, kíkọ lẹ kọ ọ́."

Akínladé jókòó, ó ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Àtinúkẹ́ gba àárín ìjọ wá, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo bẹ́ǹṣì tí kò tíì kọjá láti ọdún mọ́kànlá, ó dúró ti tábìlì, ó sì fi ìka tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yẹ ojú rírán wò.

"Ẹ kọ pé, 'Wọ́n yí ọdún padà.' Ta ni wọ́n?"

Akínladé fa ìlà lé ọ̀rọ̀ náà, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí rẹ̀, Samuel Akínladé, gbogbo rẹ̀ pátá. Obìnrin náà tún un kà láti òkè. Akọ̀wé kò gbé ojú sókè, kò sì lè béèrè bóyá àtúnṣe mìíràn wà.