Àwòrán Eyín Tó Ń Yí Padà

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà ni àbúrò ìyàwó mi jẹ mí. Ọjọ́ tí dókítà eléyín bá sanwó iṣẹ́ fún un ló ní òun máa san án. Fótò ló ń tẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò ju balùwẹ̀ lọ. Ókudíẹ̀ là ń pè é, torí kò sí iṣẹ́ tí ẹ bi í léèrè tí kò ní sọ pé, "Ó ku díẹ̀."

Àwòrán ara ògiri ni dókítà fẹ́. Ẹni tó ń kọjá á kọ́kọ́ rí eyín tó ti jẹrà. Kó tó gbé ẹsẹ̀ mélòó kan, eyín náà á ti funfun báláú. Kì í ṣe idán. Ike kan ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú àwòrán, tó ní ìlà bíi páánù òrùlé, àmọ́ ìlà tirẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Lẹ́ńsì ni ìlà kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà á gé àwòrán méjèèjì sí fọ́nrán fọ́nrán, á tò wọ́n lábẹ́ ike: eyín jíjẹrà kan, eyín funfun kan, títí dé ìparí. Ibi tí ẹ bá dúró sí ni lẹ́ńsì á fi mọ fọ́nrán tó máa fi hàn yín. Wọ́n ń lo irú ẹ̀ lára káàdì ìdánimọ̀ káwọn oníjìbìtì má baà rí ayédèrú rẹ̀ ṣe. Lẹ́ńsì wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò jọ náà ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ nínú kámẹ́rà fóònù yín.

Ike náà wọ́n bí ojú. Owó mi ló fi rà á. Kó má baà gé lára ike náà dànù, Ókudíẹ̀ yí àwòrán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè bá ike mu. Ìlà tó yẹ kó lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ wá ń lọ láti ọ̀tún sí òsì. Irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ ò mọ̀ pé èèyàn ń rìn, àfi kí orí ẹ lọ sókè tàbí kó wá sílẹ̀.

A gbé e kọ́ sí yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró. Dókítà rìn lọ, ó rìn bọ̀. Eyín jíjẹrà ò yẹ̀. Ó lóṣòó, ó dìde. Eyín funfun!

"Ṣé kí àwọn oníbàárà mi máa lóṣòó bí ọ̀pọ̀lọ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n—"

"Ẹ gbé e kúrò. Mi ò ní san nǹkan kan."

Ojú Ókudíẹ̀ pọ́n. Tèmi ò funfun.

A gbé ẹrù wa, a ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nígbà tó rẹ̀ wá, a gbé e ti ògiri àtẹ̀gùn. Obìnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú ń gòkè bọ̀. Ó dúró lójijì, ó padà sísàlẹ̀, ó tún gòkè.

"Yéè! Dókítà! Ṣé bí tèmi náà ṣe máa funfun nìyí?"

Dókítà yọjú, òun náà sọ̀, ó gòkè. Ó wúkọ́.

"Ẹ kàn án mọ́bẹ̀."

Mo fi ìṣó sápò. "Owó ná, Dókítà."

Ó sanwó, ó sì yọ owó ihò tí a dá sí ògiri yàrá rẹ̀. Ìyẹn ò kàn mí. Ókudíẹ̀ ka ọgọ́ta mi pé sí mi lọ́wọ́, mo tún un kà níṣojú ẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?"

"Owó ni mò ń kà," mo ní, "kì í ṣe ìwọ."