Àmín Tí A Ṣe sí Ojú Ìwé Kẹsàn-án

Mo ti bínú sí ọ̀pọ̀ èèyàn láyé mi, ìbínú náà kì í sì í pẹ́ tó fi ń lọ. Ti ọkùnrin yìí kò lọ, mi ò sì bẹ Ọlọ́run pé kó lọ. Aṣojú la máa ń pè é, nítorí òun ni àwọn ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn fi ṣe aṣojú wọn láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, títí wọ àwọn ìlú etí omi ní Ògùn Waterside. Òun nìkan. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kó pépà wọ agbègbè wa. Ẹ má rò pé ọkùnrin ńlá kan ni mò ń sọ o. Bọ́ọ̀sì kan tó ń tú èéfín ló ní, àti ọ́fíìsì yàrá kan ní Àgọ́-Ìwòyè, àti ahọ́n tí kì í rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló da èmi àti ẹ̀ pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní tábìlì kan ní oríta Ojowo ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tó ti ń ta pépà. Ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọkọ kú, tí a ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀ tán, obìnrin náà nu tábìlì, ó jókòó tì í, kò sì dìde níbẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ló ti tọ́ ọmọ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ní kó wá sinmi lọ́dọ̀ àwọn l'Ékòó. Ó bi wọ́n pé ògiri wo ni kí òun wá máa wò níbẹ̀. Bí ẹ bá gba tábìlì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti gba ìdí tó fi ń jí láàárọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ta ló tún ń ra pépà láyé tí gbogbo èèyàn ń ka ìròyìn lórí fóònù? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí pépà mọ́. Àwọn baba tó ti fẹ̀yìn tì máa ń kún orí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbọ́n mi láràárọ̀, wọ́n á ka iwájú pépà, wọ́n á ka ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á sì máa bá ara wọn jà lórí àárín tí wọn ò ṣí. Kò sẹ́ni tó ń rà nínú wọn. Olórí wọn ni Bàbá Ìjọ kan láti àdúgbò Japara, tí ohùn rẹ̀ dára fún àdúrà. Láti ìgbà tí mo ti dá a mọ̀, mi ò rí i kó ra pépà kan rí.

Àwọn tó ń rà ni àwọn tí òkú wọn wà nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, olóògbé tí fọ́tò rẹ̀ kò jáde nínú pépà, àfi bí ẹni pé kò kú tán. Ọjọ́ tí ìkéde bá jáde, ẹbí á kó pépà lọ bí ẹni kó búrẹ́dì. Lẹ́yìn wọn, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ní Abìgì, ní Ògùn Waterside, tó ń ka pépà rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí fóònù kì í mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa nílé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi tirẹ̀ rán awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Abìgì.

Ìyẹn ni òwò tí Aṣojú fẹ́ dá nìkan jẹ. Ó kó gbogbo àwa tó kan jọ sí gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Àwọn tó ń ta pépà wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, láti Òrù, láti Àgọ́-Ìwòyè fúnra rẹ̀. Èmi bá ẹ̀gbọ́n mi lọ kí n lè bá a ka ìwé àdéhùn náà. Ó ṣe tán, tíṣà ni mí, ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ojú ìwé mẹ́wàá ni àdéhùn náà, wọ́n fi okùn aláwọ̀ ewé so ó pọ̀.

Ẹ wo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ọkùnrin yẹn. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Ó lọ mú Bàbá Ìjọ wa sórí àga alága, ó ní kó fi àdúrà ṣí ìpàdé. Bàbá dìde, ó gbé ìwé náà sókè, ó ní, "Olúwa, ìwọ ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí àwa tó fọwọ́ sí i."

Gbogbo wa ní, "Àmín." Àfáà tó ń ta pépà ní Òrù fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nu ojú. Lẹ́yìn ìyẹn ni bírò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa ṣe rí. Ẹni tó bá ti ṣe Àmín sí nǹkan níwájú àwùjọ, tó bá tún ní kí wọ́n mú un wá kí òun kà á, aláìgbàgbọ́ ni. Wọ́n á ní ó mọ̀wé jù. Mo ka ojú ìwé kìn-ín-ní, mo ka ìdajì ìkejì, mo rí i pé ojú ti ń pọ̀ lára mi, mo bá fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Tíṣà ìjọba! Àwọn ọmọ tí mo nà torí wọn ò ka ìbéèrè délẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn, kí wọ́n dárí jì mí.

Ojú ìwé kẹsàn-án ni ọ̀rọ̀ wà. Ó ní ọwọ́ Aṣojú nìkan ni a ti gbọ́dọ̀ máa gba pépà. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà tàbí pín in kọjá oríta rẹ̀. Ẹni tó bá rú u, Aṣojú á dá pépà rẹ̀ dúró, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ fún un.

Bọ́ọ̀sì Aṣojú kò dé Ògùn Waterside lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Ó ní ọ̀nà ò dára. Ó gba agbègbè yẹn bí ẹni tó san owó orí ìyàwó tí kò ní gbé sílé, tí kò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíràn fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀ pé òfin kan dé, ó ń bá a lọ ní fífi pépà ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rán awakọ̀. Pépà ẹyọ kan! Aṣojú gbọ́. Ó kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ pé ẹni tó bá gbé pépà kọjá oríta, òun á pè é lẹ́jọ́. Ó sì kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi pé ó parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì kọjá ní Ojowo, kò dúró. Ẹ̀gbọ́n mi dìde dúró, ó na ọwọ́, ó tún jókòó. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó ń nu tábìlì tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, ó ń jókòó tì í títí ọ̀sán. Àwọn baba orí bẹ́ǹṣì náà ò lọ. Pépà àtijọ́ ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń jà lórí rẹ̀ bí èyí tó jáde lónìí.

Mo lọ bá Aṣojú ní ọ́fíìsì rẹ̀. Kò fún mi ní àga.

"Tíṣà," ó ní, "òwò ni. Mi ò bá Mọ̀mí jà. Ìwé ni wọ́n rú."

"Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra," mo ní. "Pépà kan ṣoṣo sí Abìgì, kí ló gbà lọ́wọ́ rẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹyẹ ò fọwọ́ sí ìwé, sà. Ẹ̀yin fọwọ́ sí i."

Ojú ò tì í. Mo tọ ọmọ kan tí mo kọ́ rí lọ, ó ti di lọ́yà ní Ìjẹ̀bú-Òde báyìí. Òun ló là mí lójú pé òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà lórí ìdíje nínú ọjà. Òfin náà kò ní kí ilé iṣẹ́ má fi ẹnì kan ṣe aṣojú. Ohun tó kọ̀ ni kí ẹni náà fi ipò rẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ àwọn yòókù, kó má ta fún ẹni tó fẹ́ rà, kó sì gba agbègbè tí kò ní tajà dé. A kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọ́fíìsì tó ń rí sí i. Wọ́n ní àwọn ti gbà á. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Ibẹ̀ la wà tí ìyá Aṣojú fi kú. Ọmọ Abìgì ni ìyá náà, ibẹ̀ ni wọn yóò sì sin ín sí. Aṣojú ra odindi ojú ìwé nínú pépà, ó gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ sí i pẹ̀lú gèlè ńlá. Pépà dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ó dé Àgọ́-Ìwòyè. Kò dé Abìgì, nítorí kì í dé ibẹ̀. Ẹbí ìyá ránṣẹ́ sí i pé fóònù ló fi pe àwọn, kò fi pépà pe àwọn. Ṣé ìyá àwọn ni wọ́n fẹ́ sin bí ẹni tí kò bímọ? Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti lọ kó kánópì. Ó gbé pépà lọ bá àwọn awakọ̀, wọ́n ní àwọn ò gbé e, pé lẹ́tà rẹ̀ ṣì wà lára ògiri ọ́fíìsì ẹgbẹ́.

Ó wá bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí tábìlì lójú gbogbo bẹ́ǹṣì. "Mọ̀mí, ẹ ṣàánú mi. Ẹ bá mi bá awakọ̀ yín sọ̀rọ̀. Tiyín ni wọ́n máa gbọ́."

"Kí ni ìwé wa wí?" ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Ẹ fi ti ìwé sílẹ̀, Mọ̀mí. Ìyá mi ló kú."

"Mo gbọ́. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àmọ́ mi ò mọ̀wé, kà á fún mi."

Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀wé dáadáa. Àdéhùn náà ń bẹ nínú àpò mi, kì í kúrò níbẹ̀ lásìkò yẹn. Mo ṣí ojú ìwé kẹsàn-án fún un. Ọkùnrin náà kà á. Nígbà tó dé ibi "kọjá oríta rẹ̀," ó pa ìwé náà dé. Ẹ má bi mí bóyá ó ṣe mí láàánú. Inú mi dùn gan-an ni.

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́. "Ìyá rẹ ò fọwọ́ sí nǹkan kan," ó ní. "Gbé e wá."

Òun fúnra rẹ̀ ló bá ọkọ̀ lọ, tòun ti ẹrù pépà lórí itan. Ó pín in ní Abìgì láti ilé dé ilé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gba tirẹ̀, ó kà á sétí gbogbo ẹbí, ó sì fi bírò pupa tún àṣìṣe méjì ṣe nínú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìsìnkú, bọ́ọ̀sì dúró ní Ojowo. Awakọ̀ gbé ìdì pépà kan sọ̀kalẹ̀, pẹ̀lú ìwé tuntun. Ó ní Ọ̀gá ti dárí ji Mọ̀mí. Ẹ gbọ́ mi, ó dárí jì í! Ẹ̀gbọ́n mi ò fọwọ́ kan pépà. Ó ní, "Tíṣà, kà á délẹ̀." Mo dúró síbẹ̀, mo ka gbogbo ojú ìwé mẹ́wàá, awakọ̀ ń fọn fèrè, mi ò dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ ojú ìwé kẹsàn-án ṣì wà. Wọ́n kàn gbé e lọ sí ìkeje ni.

Mo sọ fún un. Ó wo ìdì pépà yẹn, ó pẹ́ tó fi wò ó, mo sì mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yún un tó. Mo ní bóyá kó kàn fọwọ́ sí i, kó rí nǹkan gbé sórí tábìlì. Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó sọ fún awakọ̀ pé kó gbé e padà. Tábìlì ṣófo fún oṣù bíi mélòó kan sí i, ó sì ń nù ún.

Lẹ́tà ọ́fíìsì tí a kọ ìwé ẹ̀sùn sí dé nígbà tí a ò retí rẹ̀ mọ́. Aṣojú lè máa jẹ́ aṣojú lọ, àmọ́ kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ tó dí ọ̀nà mọ́ àwọn yòókù kúrò, ẹni tó bá sì fẹ́ gba pépà tààrà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí wọ́n fún un. Ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n mi lọ gba tirẹ̀. Ó tò ó sórí tábìlì, ó fi òkúta kékeré tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀. Ó ya ti Abìgì sọ́tọ̀.

Bẹ́ǹṣì ti kún. Bàbá Ìjọ dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó na ọwọ́ méjèèjì sórí pépà. "Ẹ jẹ́ ká fi àdúrà bẹ̀rẹ̀," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pépà náà. "Bàbá," ó ní, "ẹ kọ́kọ́ ra ọ̀kan ná."

Bàbá wo apá ọ̀dọ̀ mi, mo wo ojú títì. Ó ki ọwọ́ bọ inú agbádá, ó sì pẹ́ kó tó rí ibi tí àpò rẹ̀ wà.